Ìjọba Yí Ọ̀nà, Ta Ni Ó Yí Ọkọ̀? Ìtàn Pẹ́dà Ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò tọ́ lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ àwọn awakọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà lára ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, tí í ṣe ọjọ́ ọdún Àjíǹde. Títí di alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, apá òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà. Láti ọjọ́ náà lọ, apá ọ̀tún ni òfin ní kí wọ́n máa gbà. Ohun tí ó jẹ́ ìwà ọmọlúwàbí lánàá di ìrúfin lónìí, ẹni tí kò bá sì rántí lè kó ara rẹ̀ àti ẹlòmíràn sí yọ́ọ́yọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀yin òǹwòran, nígbàkígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn ọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ òfin ni wọ́n máa ń sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ yìí nígbà náà ni ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, síárìn wọn sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ibi tí síárìn bá wà ni awakọ̀ ń jókòó sí. Ibi tí awakọ̀ bá jókòó sí ni pẹ́dà, ìyẹn àwọn irin ìtẹ̀sẹ̀ mẹ́ta nnì, gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tí ìjọba yí ọ̀nà padà tán, ta ni ó wá yí ọkọ̀ padà? Ìbéèrè yìí ni ìjíròrò yìí dá lé lórí. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé òfin. Abẹ́ igi ni ó wà, lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì àti àwọn jórinjórin, ní àwọn ìlú bí Ẹ̀rìn-Ilé, tí ó fi ara ti Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara.

Bí pẹ́dà ṣe di mẹ́ta

Ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ lónìí lè rò pé bí pẹ́dà ṣe tò yẹn ni ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ Ford tí wọ́n ń pè ní Model T, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1908 títí di ọdún 1927, ní pẹ́dà mẹ́ta lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ń fún ọkọ̀ ní iná nínú wọn. Ti òsì ni awakọ̀ fi ń yan jíà méjì tí ó wà fún ìlọsíwájú. Ti àárín ni ó fi ń padà sẹ́yìn. Ti ọ̀tún ni ìjánu. Ọwọ́ ni ó fi ń fún un ní iná, láti ara ọ̀pá kékeré kan tí ó wà lábẹ́ síárìn. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn láyé ìgbà náà, pẹ́dà iná ni ó wà láàárín, tí ìjánu sì wà ní ọ̀tún. Awakọ̀ tí ó bá bọ́ láti inú ọkọ̀ kan sí èkejì ní láti kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, níbi tí ó ti rò pé òun ń dúró ni yóò ti máa sáré.

Ọdún 1916 ni ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ kan jáde tí pẹ́dà rẹ̀ tò bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí: kílọ́ọ̀ṣì ní òsì, ìjánu láàárín, iná ní ọ̀tún. Ọkọ̀ kékeré Austin 7, tí ó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1922, wà lára àwọn tí ó gbé ètò yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù. Díẹ̀díẹ̀ ni gbogbo ayé fi gbà á.

Àwọn Yorùbá náà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, orúkọ náà sì kún fún ìtàn. Ìjánu ni ohun tí a ń fi sí ẹṣin lẹ́nu láti dá a dúró. Ní agbègbè Ìlọrin àti Ọ̀fà, níbi tí ẹṣin ti jẹ́ ohun ogun àti ohun ọlá, kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé lórí iṣẹ́ ìjánu. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, tí ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà kàn kúrò ní ẹnu ẹṣin bọ́ sí abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ni. Ti ọ̀tún di iná: bí awakọ̀ bá fẹ́ sáré, wọ́n á ní ó tẹ iná mọ́ ọn. Ti òsì nìkan ni kò rí alábàádọ́gba nínú ìgbésí ayé wa àtijọ́, nítorí náà ni wọ́n ṣe gba orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó, tí wọ́n ń pè é ní kílọ́ọ̀ṣì.

Ìdí tí a fi bọ́ sí apá ọ̀tún

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìjọba lé wa lórí ni wọ́n kọ́ wa ní apá òsì, nítorí ibẹ̀ ni àwọn fúnra wọn ń gbà. Àwọn Faransé ní tiwọn ń gba apá ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n sì pín ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ìpín náà la àárín ọmọ ìyá. Kétu àti Sábẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti Ìdìrókò bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó bá kúrò ní Ìmẹ̀kọ tí ó ń lọ sí Kétu ní láti sọdá sí apá kejì ọ̀nà bí ó bá ti kọjá ẹnubodè. Bákan náà ni ó rí ní ìhà Niger, Chad àti Cameroon. Dahomey, tí ó yí orúkọ padà sí Benin ní ọdún 1975, àti àwọn mẹ́ta yìí ni ó yí Nàìjíríà ká lórí ilẹ̀, apá ọ̀tún sì ni gbogbo wọn ń gbà. Àwa nìkan ni a yàtọ̀ láàárín wọn.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ó ronú bẹ́ẹ̀. Gáńbíà bọ́ sí ọ̀tún ní ọdún 1965, Sierra Leone ní ọdún 1971, Gánà sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1974. Lára àwọn òyìnbó pàápàá, ilẹ̀ Swídìn yí padà ní ọjọ́ 3, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1967. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń fi ti Swídìn ṣe àpẹẹrẹ bí ìjọba ṣe lè ṣe ohun ńlá ní òru ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Bí àwọn ará Swídìn tilẹ̀ ń gba apá òsì tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn ni síárìn rẹ̀ ti wà ní ọwọ́ òsì ṣáájú. Ní ọjọ́ tí ọ̀nà yí padà ni ọ̀nà àti ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ara wọn mu. Lọ́dọ̀ tiwa, òdìkejì ni: ọjọ́ tí ọ̀nà yí padà ni ọkọ̀ àti ọ̀nà kọ ẹ̀yìn sí ara wọn.

Ohun tí ó yí àti ohun tí kò yí

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní Ẹ̀rìn-Ilé. Ọ̀nà tí ó ń ti ìhà Ọ̀ṣun bọ̀ wọ Ọ̀fà gba ibẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì dé Ìlọrin ní ọdún 1908, Ọ̀fà sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹrù àti èrò tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀fà, ẹsẹ̀, kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀ ni yóò gbé e dé àwọn ìlú àyíká. Nígbà tí ọdún 1972 fi máa dé, tí Ọ̀gágun Yakubu Gowon ń ṣe olórí ìjọba, tí Ọ̀gágun David Bámigbóyè sì ń ṣe gómìnà ológun ní Kwara, ọkọ̀ ti di ohun tí ọjà, oko àti ilé ìwé kò lè ṣe aláìní.

Ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jù sínú igbó nítorí òfin yí padà. Ẹni tí ó fi owó kòkó tàbí owó àjọ ra Bedford tàbí Morris kò ní òmíràn. Nítorí náà, ó wà á bẹ́ẹ̀, ní jíjókòó sí ọ̀tún lórí ọ̀nà tí ó ti di ti ọ̀tún. Bí ó bá fẹ́ kọjá lára ọkọ̀ ńlá tí ó wà níwájú, kò lè rí ohun tí ń bọ̀ àfi bí ó bá kọ́kọ́ yọ ìdajì ọkọ̀ rẹ̀ sí ojú ewu. Ọkọ̀ èrò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní òsì sì ń sọ èrò kalẹ̀ sí àárín títì. Ìdí nìyí tí ẹni tí agbára rẹ̀ ká a fi ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì pé kí ó bá òun gbé síárìn sọdá.

Ohun kan wà níbi iṣẹ́ náà tí ó ya ẹni tí kò mọ̀ lẹ́nu. Ènìyàn lè rò pé bí síárìn bá ti ọ̀tún bọ́ sí òsì, pẹ́dà náà yóò yí bí àwòrán inú dígí, tí iná yóò wá wà ní òsì. Rárá o. Ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ìbáà jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, kílọ́ọ̀ṣì wà ní òsì, ìjánu wà láàárín, iná wà ní ọ̀tún. Ọwọ́ ni ó yí iṣẹ́ padà, nítorí ọwọ́ òsì tí ó ń yan jíà tẹ́lẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ọwọ́ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ kò ní ohun tí ó ń kọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìjàǹbá tí ìyípadà náà ìbá fà ìbá pọ̀ kọjá sísọ, nítorí ní àkókò ìjayà, ẹsẹ̀ kì í dúró gba àṣẹ kí ó tó tẹ ohun tí ó ti mọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ kọ́ nǹkan tuntun, irin ní láti ṣí kúrò ní ipò rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ọgbọ́n abẹ́ igi

Irin pẹlẹbẹ kan wà tí ó la àárín ẹ́ńjìnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀. Ara irin yìí ni pẹ́dà rọ̀ mọ́. Ibi tí ilé iṣẹ́ ti ṣètò pẹ́dà sí ni wọ́n máa ń mú kí ó nípọn. Apá kejì lè má nípọn tó bẹ́ẹ̀. Bí jórinjórin bá kàn lu ihò sí apá kejì yìí, tí ó sì jó pẹ́dà mọ́ ọn láìfi irin mìíràn tì í, nígbà tí awakọ̀ bá tẹ ìjánu pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ara irin ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹsẹ̀ yóò lọ jìnnà, ọkọ̀ kò sì ní dúró bí ó ti yẹ.

Ohun kejì ni gígùn pẹ́dà. Pẹ́dà kì í ṣe irin lásán. Ọ̀pá ìfigbé ni, bí igi tí àgbẹ̀ fi ń yí òkúta. Bí gígùn rẹ̀ láti ojú ìdè dé ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po 5 gígùn rẹ̀ láti ojú ìdè kan náà dé ibi tí ó ti ń ti ọ̀pá ìjánu, agbára ẹsẹ̀ di ìlọ́po 5. Bí oníṣẹ́ bá gé e kúrú kí ó lè bá àyè mu, tí ó wá di ìlọ́po 3, awakọ̀ tí ó tẹ̀ ẹ́ bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ kò ní rí ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún agbára tí ó ní tẹ́lẹ̀. Ní gbọ̀ngàn ọkọ̀ tí ó dúró, kò ní fura. Lórí òkè tí ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò ti mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni omi ìjánu. Omi kì í fún pọ̀, ìdí nìyí tí ó fi lè gbé agbára ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Afẹ́fẹ́ ní tirẹ̀ a máa fún. Nígbà tí wọ́n bá gé páìpù ìjánu láti gbé e sọdá, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, àfi kí wọ́n fa gbogbo rẹ̀ jáde tán. Páìpù tuntun náà kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ sàlẹ́ńsà tí ó gbóná, tàbí kí ó máa ha ara irin. Àwọn mìíràn kì í fẹ́ gé páìpù rárá. Wọ́n á fi ohun èlò ìjánu sílẹ̀ ní ọ̀tún, wọ́n á sì ki ọ̀pá gígùn kan gba ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù láti so pẹ́dà òsì mọ́ ọn. Ọgbọ́n ni, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá a máa ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá náà bá tẹ́ẹ́rẹ́, yíyí ni yóò máa yí, agbára ẹsẹ̀ yóò sì ṣòfò lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí ni okùn iná, tí ó gbọ́dọ̀ padà sípò fúnra rẹ̀ ní kété tí ẹsẹ̀ bá kúrò, àti ṣíwíìṣì iná ẹ̀yìn, tí ó wà lára pẹ́dà ìjánu nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé ṣíwíìṣì yìí sí apá àtijọ́, ọkọ̀ yóò dúró, ẹni tí ó wà lẹ́yìn kò sì ní mọ̀.

Kò sí ìwé tí ó ṣe àlàyé gbogbo ìwọ̀nyí fún mẹkáníìkì ní èdè tí ó gbọ́. Ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọmọ iṣẹ́ wo ọwọ́ ọ̀gá, ọ̀gá wo ọkọ̀ tí ó ti ilé iṣẹ́ wá ní ọlọ́wọ́ òsì, ó sì ṣe àfarawé rẹ̀. Bí a bá ń ka àwọn tí ó mú kí ìyípadà ọdún 1972 yọrí sí rere, ó yẹ kí a ka àwọn wọ̀nyí mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àfojúkọ́ máa ń fi ohun tí ojú rí hàn, kì í sì í fi ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ hàn. Ọ̀gá tí ó mọ̀ pé pẹ́dà kò gbọdọ̀ kúrú lè kú kí ó tó sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́.

Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ tí ó tún padà

Ọdún 1975 mú ìtura wá. Ní ọdún náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ọlọ́wọ́ òsì pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọdún yìí kan náà ni owó Údójì bọ́ sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi í ra ọkọ̀. Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá kún ojú ọ̀nà. Ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ gbígbé síárìn sọdá yóò kásẹ̀ nílẹ̀.

Kò kásẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé mú kí iye náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tòkunbọ̀ wá gba ipò rẹ̀. Èyí tí ó bá sì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni. Wọ́n padà sí abẹ́ igi. Ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin ìrìnnà kò fi àyè gba ọkọ̀ ọlọ́wọ́ ọ̀tún lójú pópó wa mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣìṣẹ́ àjọ náà bá dá ọkọ̀ dúró, ibi tí síárìn wà ni ojú rẹ̀ ń rí. Kì í rí bí wọ́n ṣe jó pẹ́dà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Lónìí, ọ̀rọ̀ pẹ́dà tún ti gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ a máa fi pẹ́dà kejì sí ọ̀dọ̀ olùkọ́, kí ó lè dá ọkọ̀ dúró bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣìṣe. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń ra ìbòrí pẹ́dà tí ó ń dán bí fàdákà ní ọjà Ládípọ̀ àti ní àwọn ọjà ohun èlò ọkọ̀ mìíràn, wọ́n sì ń dè é mọ́ pẹ́dà fúnra wọn nínú ọgbà ilé. Ẹwà kò ní ẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìbòrí tí ìdè rẹ̀ tú lè yẹ̀ lábẹ́ bàtà. Èyí tí ó fẹ̀ jù lè mú kí ẹsẹ̀ kan tẹ ìjánu àti iná pọ̀. Irin dídán sì ń yọ̀ bí òjò bá wà ní àtẹ́lẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ohun kékeré ni. Ní ọdún 2009 àti 2010, ilé iṣẹ́ Toyota ní láti pe àìmọye ọkọ̀ padà kárí ayé, nítorí ẹní ẹsẹ̀ tí ó lè há pẹ́dà iná mọ́lẹ̀ àti pẹ́dà tí ó lè lọ́ra láti padà sípò. Bí ẹní lásán bá lè mi irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni kí a sọ nípa ìdè tí a fi ọwọ́ ara wa dè ní ẹ̀yìnkùlé?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é nílé, kí ó ṣe ohun tí mẹkáníìkì àgbà ń ṣe. Kí ó pa ẹ́ńjìnì, kí ó fi ọwọ́ mi pẹ́dà kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń gbọ̀n. Kí ó tẹ ìjánu mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ó sì dì í mú. Bí ó bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, àléébù wà. Kí ó tẹ iná, kí ó sì yọ ẹsẹ̀ lójijì; bí kò bá fò padà, kí ọkọ̀ náà má ṣe kúrò nílé.

Kí ni ìtàn yìí wá kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé òfin lè yí ọ̀nà padà ní ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó ń parí iṣẹ́ òfin, ó sì lè gba ogún ọdún. Ọwọ́ yẹn nílò ìmọ̀. Ní ọdún 1970, ọdún méjì ṣáájú ìyípadà yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ọmọ sì lóye rẹ̀. Ohun tí ó ṣeé ṣe fún ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò yẹ kí ó ṣòro fún ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Láti ọdún 1992 ni Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Polí ti Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀fà, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Kò jìnnà sí ọgbà mẹkáníìkì ní Ẹ̀rìn-Ilé. Ọ̀kan mọ ìdí pẹ́dà, èkejì mọ ọwọ́ rẹ̀. A ní ìjánu, a ní iná, a ní ìdè, a ní ọ̀pá ìfigbé. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀kọ́ náà tí èdè wa kò lè gbé. Ohun tí ó kù ni pé kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ iṣẹ́ tó jó pẹ́dà tí ó ń bọ̀ mọ́ irin.